Ó Ti Kàn Wá, Ṣùgbọ́n Àyè Ò Sí

Lásìkò àrùn Kòrónà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí ìkànnì tí àwa olùkọ́ ti ń gba ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kan náà ni mo máa ń dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú rẹ́jísítà lọ́wọ́, tí mo ń pe orúkọ ọmọ méjìdínlógójì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn láti ẹ̀yìn ìbòmú, tí mo sì ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹnìkan ń wúkọ́. Fóònù mi wà nínú báàgì, báàgì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù sì wà ní títì, nítorí òfin ilé-ìwé wa ni pé olùkọ́ kì í mú fóònù lọ́wọ́ nígbà ẹ̀kọ́. Òfin tó dáa ni, èmi náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Bí agogo ìsinmi bá lù ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, tí mo bá sáré dé ìdí báàgì, ohun kan náà ni mo máa ń bá lójú fóònù: kò sí àyè mọ́, ẹ padà wá lọ́la.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ka gbólóhùn yẹn. Mo ń kọ èyí báyìí nítorí pé bí ọ̀rọ̀ àrùn Kòrónà ṣe ń di ìtàn, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé, "Ẹ̀yin olùkọ́ mà tètè gbà á, wọ́n fi yín ṣáájú." Òótọ́ ni, wọ́n fi wá ṣáájú. Mo kàn fẹ́ sọ bí ìṣáájú náà ṣe rí lára ẹni tí wọ́n fi ṣáájú.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé kí àgbà kọ́kọ́ gbà á. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 2020, nígbà tí wọ́n gún Margaret Keenan, ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti ìyá mi la jọ jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Ìyá mi wo abẹ́rẹ́ náà títí wọ́n fi yọ ọ́, ó ní, "Ẹgbẹ́ mi nìyẹn." Omi bọ́ lójú mi. Ìyá mi ni mo bẹ̀rù fún jù lọ́dún náà, nítorí èmi ni mo ń ti àárín ọmọ méjìdínlógójì bọ̀ wá bá a nílé. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí i. Mo máa ń bọ́ aṣọ, mo máa ń wẹ̀, kí n tó wọ yàrá tó bá wà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mi ò fi dì mọ́ ọn. Ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gba abẹ́rẹ́, èmi ni mo mú un lọ, mo sì dúró síta nínú oòrùn pẹ̀lú ayọ̀.

Tiwa kò rọrùn bẹ́ẹ̀ láti pinnu, mo mọ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2020 yẹn náà ni UNESCO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń bójú tó ẹ̀kọ́, àti Education International, tó jẹ́ àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kárí ayé, jọ rọ àwọn ìjọba pé kí wọ́n ka olùkọ́ mọ́ àwọn tó yẹ kó tètè gba àjẹsára. Ìdí ọ̀rọ̀ wọn hàn sí gbogbo ayé: lóṣù Kẹrin ọdún náà, ó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sílé ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 190. Chile bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn olùkọ́ lóṣù Kejì ọdún 2021. Kenya to olùkọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ ìlera àti ọlọ́pàá nígbà tí àjẹsára àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn lóṣù Kẹta. Àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn ní tiwọn sọ ní ọjọ́ 26, oṣù Kejì, pé ọjọ́ orí ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé lọ, kì í ṣe iṣẹ́, nítorí ọjọ́ orí ló ń pani jù nínú àrùn yìí, àti pé ìlànà tó rọrùn ló ń yára. Mo ka àlàyé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè pè é ní ìwà ìkà.

Èyí tí mo máa ń rántí jù ni ti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, ọdún 2021, Ààrẹ Biden sọ fún gbogbo ìpínlẹ̀ wọn pé kí wọ́n ka olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-ìwé sí àwọn tó ṣáájú, pé òun fẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ti gba abẹ́rẹ́ kan, ó kéré tán, kí oṣù náà tó parí. Kò wá tán síbẹ̀. Ó dárúkọ ibi tí wọ́n á ti gbà á: àwọn ilé ìtajà oògùn tí ìjọba àpapọ̀ ń kó àjẹsára fún ní tààrà, pé àwọn ni kí ó fi ti olùkọ́ ṣáájú lóṣù yẹn. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ká sọ fún èèyàn pé ó lè wọlé, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ká fi ilẹ̀kùn hàn án, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Wọ́n sọ fún àwa náà pé ká wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni. Ọ̀gá ilé-ìwé wa fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti kàn wá o." Gbogbo wa ń dúpẹ́, àwọn kan ń kọrin sínú fóònù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé la rí ohun tó wà nídìí rẹ̀. Àdírẹ́sì ímeèlì ni wọ́n ń béèrè. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Lẹ́tà tí ọ̀gá fọwọ́ sí tó sì lu òǹtẹ̀. Nọ́ńbà àṣírí kan tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó kú. Àwọn àkókò tó sì wà fún yíyàn, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì.

Ẹni tó ṣe àtẹ yẹn kò ṣe é láti fi jẹ wá níyà, ó dá mi lójú. Ó ṣe é fún ẹni tó lè dìde nídìí tábìlì rẹ̀ fún wákàtí méjì, kí tábìlì náà sì dúró dè é. Ọmọ méjìdínlógójì kì í dúró deni. Láyé àtijọ́, kí Kòrónà tó dé, bí ara olùkọ́ kan ò bá yá, a máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ ti kíláàsì kejì, wọ́n á fún ara wọn mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì títí ilé-ìwé á fi parí. Lọ́dún yẹn, òfin àrùn náà ló ní ká má da kíláàsì pọ̀. Ó wá túmọ̀ sí pé kí n tó lè lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà Kòrónà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ rú òfin tó ń dènà Kòrónà nítorí mi. Mo sọ eléyìí fún obìnrin kan lórí fóònù, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ náà, lẹ́yìn tí mo ti dúró fún ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbé e. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa gbìyànjú ẹ̀, mà."

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa ló tú wa sílẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìdákẹ́jẹ́ ni ó sì fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó bá fagi lé ọjọ́ wọn, àyè wọn kì í padà sójú ìkànnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òru ni wọ́n máa ń jáde, láàárín aago kan sí aago mẹ́ta, ìkan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Ó bá jókòó tì í. Ó mú ìwé àjákọ kan, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò, ó kọ orúkọ gbogbo wa sí i láti orí ẹni tó dàgbà jù dé orí ẹni tó kéré jù. Ó ní ìlà tí ó máa tẹ̀ lé nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Kò sí ẹni tó bínú. Lálẹ́ kejì mo ní kí ó jẹ́ ká pín in, kí èmi máa ṣọ́ ọ lọ́jọ́ kan, kí òun ṣọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, nítorí mo rí i pé ó ń sùn lórí ìdúró níwájú pátákó.

Ẹni tó wà lókè ìwé náà ni olùkọ́ ìṣirò wa, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì kù díẹ̀. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń kọ nǹkan sójú pátákó, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Fóònù oníbọ́tìnì kékeré ló ń lò, alaalẹ́ ló sì máa ń pa á kí iná rẹ̀ má bàa tán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa fóònù yín lálẹ́ òní." Ó ní òun ò ní pa á. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, àyè kan yọ. Mo fi orúkọ rẹ̀ sí i, nọ́ńbà àṣírí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo pè é. Orí àga ló sùn sí dè mí. "Méje," ó ní, "méje mìíràn... ẹ dúró, ẹ jẹ́ n wá gíláàsì mi." Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ tá káàkiri orí tábìlì. Nígbà tó fi rí gíláàsì, tó ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àyè náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tó ti kọ́ ọmọ èèyàn ní ìṣirò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi ní òru nítorí pé kò tètè rí gíláàsì rẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé ohùn yẹn. Òru ọjọ́ kejì a tún ṣe é, gíláàsì ti wà lójú rẹ̀ láti aago mẹ́wàá, a rí i gbà.

Tèmi bọ́ sí ọjọ́bọ̀ kan, aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú ní ọ̀sán. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló bá mi di kíláàsì mú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò kọ́ kíláàsì kékeré mọ́. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ní ó kọ́ àwọn ní orin tí èmi ò mọ̀. Wọ́n gún mi, wọ́n ní kí n jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ara mi máa kọ̀ ọ́. Mo jókòó. Mo sunkún díẹ̀ nínú ìbòmú mi. Nọ́ọ̀sì kan rí mi, ó bi mí bóyá ó ń dùn mí, mo ní rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ gbogbo èyí jù ni ti bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé-ìwé padà, òun ló ń di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara mú. Ọmọ tó lé ní irínwó ló ń dúró síwájú rẹ̀ láràárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítòsí, tí ó ń tẹ orí ba kí ó lè rí iwájú orí wọn. Bí ara ọmọ kan bá gbóná, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀, òun ló máa mú un lọ́wọ́ lọ jókòó sábẹ́ igi títí òbí rẹ̀ á fi dé. Nínú gbogbo wa, mi ò rò pé ẹnìkan wà tó sún mọ́ àrùn náà tó o. Lọ́jọ́ kan tí mò ń jáde, ó pè mí. Ó rọra béèrè ni, bí ẹni tí kò fẹ́ yọni lẹ́nu: "Tíṣà, ìwé tí ẹ̀ ń kọ orúkọ sí yẹn, ṣé èmi náà wà níbẹ̀?"

Kò sí níbẹ̀. "Olùkọ́" ni wọ́n kọ sójú ìkànnì. Ilé-iṣẹ́ aṣọ́nà kan ló gbà á síṣẹ́, kò ní nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tiwa. Àwọn obìnrin méjì tó ń gbálẹ̀ tó sì ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí níbẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ ọmọdébìnrin kan tó wá fi oṣù mẹ́ta di àyè ẹni tó lọ bímọ, òun náà kò ní nọ́ńbà, nítorí náà ìkànnì kò kà á sí olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń kọ́ ọmọ márùndínlógójì láràárọ̀. Mo dúró níbẹ̀ tí mi ò mọ ohun tí n óò sọ fún bàbá yẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n lọ wádìí." Ìtìjú bò mí títí mo fi délé.

Nọ́ọ̀sì tó rí mi tí mò ń sunkún ló bá mi wá ọ̀nà. Mo ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe sí abẹ́rẹ́ ẹni tí kò wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìgò kékeré kan ti àjẹsára Pfizer tí àwọn ń lò máa ń gún èèyàn mẹ́fà, pé bí wọ́n bá ti po ó pọ̀ mọ́ omi iyọ̀, wákàtí mẹ́fà péré ló ní. Lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni. Bí èèyàn mẹ́rin bá wá tí méjì ò wá, méjì ti wà nílẹ̀ tí ń wá apá. Ó gba nọ́ńbà mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó pè: mẹ́ta ṣẹ́kù, ta ló lè dé láàárín ogójì ìṣẹ́jú? Mo dárúkọ bàbá ẹnu géètì, mo sì sọ òótọ́, mo ní kì í ṣe olùkọ́. Ó ní, "Ilé-ìwé kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ ni? Ẹ ní kó máa bọ̀." Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ló fi ọ̀kadà gbé e lọ. Àwọn obìnrin méjèèjì tó ń gbálẹ̀ bá ẹsẹ̀ ara wọn sáré tẹ̀ lé wọn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn títí dòní. Síbẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ pé àánú ẹnìkan ni ẹni tó ń wo ìgbóná ara irínwó ọmọ máa fi rí abẹ́rẹ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n ń fi sáàárín Pfizer àkọ́kọ́ àti èkejì, ìkànnì náà ló sì ń dá ọjọ́ kejì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tèmi bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá àwọn ọmọ mi gan-an. Bí mo bá fagi lé e, mo padà sí ìdí òru nìyẹn. Àwọn mẹ́ta mìíràn gbà á lọ́jọ́bọ̀ kan náà, ibà bò wọ́n lálẹ́, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó lè dìde lọ́jọ́ Ẹtì. Kíláàsì mẹ́ta ló wà láìlólùkọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ibà ọjọ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kòrónà, gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ilé-ìwé ṣe ń rìn ni ì bá ti mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kí wọ́n gún wa, ká lè fi ọjọ́ Àbámẹ́ta gbóná tán.

Ẹnìkan wà láàárín wa tí kò fẹ́ gbà á. Ẹ̀rù ń bà á, ó ti gbọ́ oríṣiríṣi. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn níbí, àfi pé ọjọ́ mọ́kànlá tí a ń lu ilẹ̀kùn tí kò ṣí kò ràn án lọ́wọ́. Ó máa ń sọ pé, "Bó bá dáa tó bẹ́ẹ̀, ṣé wọn ò ní mú un wá bá wa ni?"

Wọ́n padà mú un wá. Ọ̀gá wa kọ lẹ́tà, ó kọ òmíràn, ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn fún ọjọ́ méjì. Ohun tó ń béèrè kò pọ̀: kí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń wọ géètì rẹ̀ láti ṣiṣẹ́, nọ́ńbà tàbí kò sí nọ́ńbà, kí wọ́n sì wá lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Oṣù kejì lẹ́yìn ìkéde ni wọ́n tó gbà. Nọ́ọ̀sì méjì ló wá àti ẹnìkan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, pẹ̀lú àpótí olómi dídì kan. Yàrá ìkàwé la lò. Olùkọ́ ìṣirò wa, tó ti gba méjèèjì tán, ló dúró níwájú pátákó tó ń fi ẹfun kọ aago tí ẹni kọ̀ọ̀kan jókòó sílẹ̀ àti aago tó lè dìde, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ yẹn. Bàbá ẹnu géètì ń pe orúkọ. Èèyàn mọ́kànlélógójì ni wọ́n gún láàárín wákàtí méjì àtààbọ̀: awakọ̀, olùkọ́ ọmọdébìnrin wa, àwọn olùkọ́ mélòó kan láti ilé-ìwé tó wà nítòsí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà wá jókòó sẹ́yìn, ó wò wá títí, nígbà tó ku èèyàn mẹ́rin ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, mo rí olùkọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìwé àjákọ rẹ̀. Ó fi bírò fa ìlà sórí orúkọ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Tirẹ̀ ni. Ó ní òun ń lọ sùn.